Bí a ṣe ń fẹ̀yìn ti ìfẹ́ Ọlọ́run nígbà tí ọkàn ò balẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa la mọ Jòhánù 3:16 lórí láti kékeré. Bí wọ́n bá jí wa lóru, a ó kà á láìṣìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ aráyé, ọ̀tọ̀ ni kó gbà pé òun náà wà nínú aráyé yẹn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún tí ìyá mi ṣàìsàn, mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, mo sunkún. Ìyá mi kú. Fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ní ìdájí, Bíbélì á wà lórí itan mi ní pípadé, ọwọ́ mi ò sì ní lè ṣí i. Mi ò sọ pé kò sí Ọlọ́run. Ohun tí mò ń sọ nínú ara mi ni pé Ó wà, àmọ́ kò rí tèmi rò. Inú oṣù mẹ́ta yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe.

Nǹkan kan gbọ́dọ̀ yé wa ká tó bẹ̀rẹ̀. A máa ń gbàdúrà bí ẹni tó ń tọrọ ìfẹ́: bí mo bá pẹ́ lórí eékún, bí ààwẹ̀ mi bá pé, Ọlọ́run á wá fẹ́ràn mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí o tó kúnlẹ̀ ló ti fẹ́ràn rẹ. 1 Jòhánù 4:19 sọ ọ́ ní ṣókí: òun ló kọ́kọ́ fẹ́ wa. Nítorí náà, má fi àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣe àkàbà tí wàá fi gun ọ̀dọ̀ Rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ló ń kọ́ bó ṣe máa fẹ̀yìn tì.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, fẹ̀yìn tì. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri kì í rí ògiri náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wà níbòmíràn. Síbẹ̀ ó ti gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Dárúkọ ohun tó ń dùn ọ́

Mú ìwé àti bírò. Kọ gbólóhùn yìí sókè: "Ó ṣòro fún mi láti gbà pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi nítorí pé..." Kí o wá parí rẹ̀. Má kọ ohun tó o máa ń sọ bí wọ́n bá ní kí o jẹ́rìí níwájú ìjọ. Kọ òótọ́ inú rẹ, bó ti wù kó korò tó. Kò sẹ́ni tó máa kà á. Ọlọ́run tó máa rí i ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa jáde á jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ó lè jẹ́ ohun tó o tọrọ tí o kò rí gbà. Ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan tó o máa ń padà sídìí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o kò mọ nǹkan kan lára mọ́, àdúrà ti gbẹ lẹ́nu rẹ. Ó sì lè jẹ́ ẹnì kan tó yẹ kó fẹ́ràn rẹ, bàbá rẹ bóyá, tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dáa kí o mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, torí ohun tó ń wo ọgbẹ́ kan sàn lè má wo òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti bàbá. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá tó máa ń nà ọ́, tàbí tó pa ọ́ tì, lo mọ̀, ọ̀rọ̀ náà "Bàbá wa" lè dà bí òkúta lẹ́nu rẹ. Má fipá mú ara rẹ. Ọlọ́run fi ara Rẹ̀ wé ìyá pẹ̀lú. Nínú Aísáyà 49:15 Ó béèrè bóyá obìnrin lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀, Ó sì ní bí wọ́n tilẹ̀ gbàgbé, Òun kò ní gbàgbé rẹ. Nínú Aísáyà 66:13, Ó ní bí ìyá ti ń tu ọmọ rẹ̀ nínú ni Òun yóò ṣe tù wá nínú. Olùṣọ́-àgùntàn ni, àpáta ni, ibi ìsádi ni. Pe orúkọ tí ẹnu rẹ lè gbé báyìí. "Bàbá" á dúró dè ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yí ibi tó o ti ń wá ẹ̀rí padà

Ibi yìí gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Bí iṣẹ́ bá dé, a ó ní Ọlọ́run fẹ́ràn wa. Bí àìsàn bá dé, a ó béèrè ohun tá a ṣe fún Un. Bí ẹ̀rí ìfẹ́ Rẹ̀ bá wà nínú ara tó le àti àpò tó kún, ìfẹ́ náà á máa lọ á máa bọ̀ lójú wa bí òjò.

Bíbélì gbé ẹ̀rí náà síbi tí kò lè ṣípò. Róòmù 5:8 ní Ọlọ́run fi ìfẹ́ Rẹ̀ sí wa hàn ní ti pé, nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, Kristi kú fún wa. Wo ìgbà tó ṣẹlẹ̀: kì í ṣe lẹ́yìn tá a ronú pìwà dà, kì í ṣe lẹ́yìn tá a di ọmọ dáadáa. Ó ti ṣẹlẹ̀. Èsì àyẹ̀wò dókítà kan kò lè mú un kúrò, lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ kò lè pa á rẹ́.

Nínú Róòmù 8:35, Pọ́ọ̀lù ka nǹkan méje jọ, lára wọn ni ìpọ́njú, inúnibíni, ìyàn, ìhòòhò àti idà. Kò ṣèlérí pé wọn kò ní dé. Ohun tó sọ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Kristi. Ìgbà kan wà tí mo máa ń ka ẹsẹ yẹn kọjá bí ẹni pé ìlérí ààbò ni. Nígbà tí mo wá kà á pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́rùn, mo rí i pé ẹni tí irú nǹkan wọ̀nyí ti bá fínra ló kọ ọ́.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Mú ẹsẹ kan ṣoṣo. Má mú mẹ́wàá. Èyí tí mo yàn ni apá ìparí Gálátíà 2:20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pe Ọmọ Ọlọ́run ní ẹni tó fẹ́ mi, tó sì fi ara rẹ̀ fún mi. Kò sọ pé "aráyé" níbẹ̀, kò sọ pé "wa". "Mi" ló sọ. Fi ọwọ́ ara rẹ dà á kọ, má kàn yà á ní fọ́tò. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú rẹ máa ń kọ́kọ́ bà láàárọ̀. Fún ọjọ́ méje, kà á sókè kí o tó gbé fóònù, kí o sì fi orúkọ rẹ rọ́pò "mi" náà. Lọ́jọ́ kìíní, ó lè dà bí irọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣáà máa kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Gbàdúrà bí ẹni tó kọ Orin Dáfídì 13

Bí o bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni kí o mú. Orin Dáfídì 13 kò gùn, ẹsẹ mẹ́fà péré ni, ó sì kọ́ mi ní àdúrà ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹjọ́ ló ń rò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè pé "yóò ti pẹ́ tó?" Ó bi Ọlọ́run lójúkojú bóyá Ó ti gbàgbé òun títí láé. Kò tọrọ àforíjì pé òun béèrè. Ẹsẹ kẹta àti ìkẹrin, ó tọrọ: wò mí, dá mi lóhùn, mú ojú mi mọ́lẹ̀. Ẹsẹ karùn-ún àti ìkẹfà, ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run, òun yóò sì kọrin. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ fún wa pé nǹkan yí padà láàárín ẹsẹ kẹrin sí ìkarùn-ún. Ọ̀tá ṣì wà níbi tó wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti sọ tinú rẹ̀ jáde fún Ẹni tó tọ́.

Wá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ dúró. Fi mẹ́rin rojọ́, fi mẹ́ta tọrọ, fi mẹ́ta sọ ohun tó o ṣì dì mú. Ó lè lọ báyìí, fún ẹni tó ń wáṣẹ́:

"Olúwa, yóò ti pẹ́ tó? Oṣù kẹjọ rèé. Ojú ń tì mí nílé. Bí fóònù bá dún, ọkàn mi á fò sókè, kì í sì í ṣe wọ́n. Ó dà bíi pé O ti gbàgbé mi. Wò mí, Olúwa. Dá mi lóhùn. Mo fẹ́ iṣẹ́ tí mo lè fi gbọ́ bùkátà, má sì jẹ́ kí ọkàn mi kú kó tó dé. Mi ò tíì rí nǹkan kan. Àmọ́ O kò dá Ọmọ Rẹ sí nítorí mi. Mo fẹ̀yìn tì Ọ́ lónìí."

Má fo apá kìíní láti tètè dé ibi ìyìn. Ìyìn tí a fi bo ẹ̀dùn ọkàn mọ́lẹ̀ máa ń jẹrà lábẹ́. Bí apá kẹta kò bá sì wá lọ́jọ́ kan, dìde bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ni Orin Dáfídì 88 parí sí, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Nígbà tí ẹnu bá gbẹ

Ọjọ́ ń bọ̀ tí o kò ní rí gbólóhùn kan tò pọ̀. Lóṣù mẹ́ta tí mo sọ yẹn, "Bàbá" nìkan ni mo lè pè. Mo máa ń pè é bí mo bá mí sínú, màá sì dákẹ́ bí mo bá mí jáde. Mo rò nígbà yẹn pé kì í ṣe àdúrà. Mo wá rí Róòmù 8:26, pé Ẹ̀mí fúnra Rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fi ẹnu sọ. Ẹlòmíràn ń gbàdúrà nígbà tí mo rò pé mo dákẹ́.

Bàbá kan nínú Máàkù 9:24 gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ báyìí: "Mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù kò ní kó lọ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe kó tó padà wá. Ó wo ọmọ náà sàn. Bí ìgbàgbọ́ rẹ bá jẹ́ ìdajì, ìdajì yẹn ni kí o gbé wá.

Má sì fi bí ara ṣe rí lára rẹ díwọ̀n ìfẹ́ Rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kì í rí ojú ìyá rẹ̀.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ni kò jẹ́ kí o lè súnmọ́ Ọn

Ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù 15 lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì fara balẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà há sórí. Ní ẹsẹ kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, ó ti to ohun mẹ́ta jọ tó máa sọ: mo ti dẹ́ṣẹ̀; mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní ọmọ rẹ mọ́; fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ. Ó gbéra. Òkèèrè ló ṣì wà tí bàbá rẹ̀ ti rí i, tí àánú ṣe bàbá náà, tó sáré, tó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ èkíní, ó sọ èkejì. Kò ráyè sọ ẹ̀kẹta. Bàbá ti ń pe àwọn ìránṣẹ́ kí wọ́n mú aṣọ wá, òrùka, bàtà.

Ọ̀rọ̀ kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń fi gbogbo ayé gbà ládùúrà: Olúwa, mi ò tó ọmọ ẹ, sọ mí di alágbàṣe, màá ṣiṣẹ́ san án padà. Jọ̀wọ́, fi sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ jẹ́wọ́, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, ní gbólóhùn kan. "Mo parọ́ mọ́ ọ̀gá mi lánàá." Má ṣàlàyé, má dúnàádúrà. Ka 1 Jòhánù 1:9, pé olóòótọ́ àti olódodo ni Òun láti dárí jì wá. Lẹ́yìn náà, bí o bá jẹ ẹnì kan ní àforíjì tàbí ohun ìní, lọ san án. Bí o bá tún ṣubú lọ́la, ọ̀nà kan náà ni wàá gbà padà. Èyí tí Ó ti dárí rẹ̀ jì ọ́, má máa gbé e wá síwájú Rẹ̀ lójoojúmọ́ bí gbèsè tí a kò tíì san.

Bí o bá ti gbàdúrà tí ohun tó o bẹ̀rù sì ṣẹlẹ̀

Mi ò ní sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ti rí ìdí ẹ̀. Jòhánù 11 ni mo máa ń padà sí.

Nígbà tí Lásárù ṣàìsàn, àwọn arábìnrin rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jésù. Wọn ò sọ pé "ẹni tó fẹ́ràn rẹ". Wọn ò ka iṣẹ́ rere tí wọ́n ti ṣe. Wọ́n ní, "Olúwa, ẹni tí ìwọ fẹ́ràn ń ṣàìsàn." Mo ti jí àdúrà yẹn lò títí di òní. Fi sínú tìrẹ: Olúwa, ẹni tí O fẹ́ràn ń bẹ̀rù. Olúwa, ẹni tí O fẹ́ràn kò rí oorun sùn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló le. Ẹsẹ karùn-ún ní Jésù fẹ́ràn Màtá àti arábìnrin rẹ̀ àti Lásárù. Ẹsẹ kẹfà ní, nítorí náà, nígbà tó gbọ́, Ó tún dúró ní ọjọ́ méjì sí i. Ìfẹ́ àti ìdádúró wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tó máa fi dé, Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì. Màtá ní ká ní O ti wà níbí ni, arákùnrin mi kì bá tí kú. Màríà jáde wá, ó sọ ohun kan náà. Jésù kò bá ọ̀kankan nínú wọn wí. Ó sunkún, bẹ́ẹ̀ Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sí i.

Lásárù jáde. Ìyá mi kò jáde. Mi ò lè fi ìtàn yẹn tan ara mi jẹ. Ohun tí mo dì mú nínú rẹ̀ ni ẹkún yẹn, àti ọ̀rọ̀ tó sọ fún Màtá pé Òun ni àjíǹde àti ìyè. Mo ń dúró de ìyókù.

Torí náà, bí o bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nípa ẹ̀gún inú ara rẹ̀, ẹ̀gún náà kò kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ ló gbà. Ní Gẹtisémánì, Jésù pàápàá bẹ̀bẹ̀ pé kí ife náà ré Òun kọjá. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ Rẹ̀ kéré?

Má fi ara jìyà, má dá nìkan gbé e

Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un lóúnjẹ àti omi, ó tún sùn, ó tún jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó wá. Bí o kò bá tíì sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó o ń rò pé ó sàn kí o kú, sọ fún ẹnì kan lónìí, kí o sì lọ rí dókítà. Oògùn àti àdúrà kì í ṣe orogún.

Wá ẹnì kan pẹ̀lú tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ láìsáré fèsì. Nínú Máàkù 2, èèyàn mẹ́rin ló gbé arọ kan wá, wọ́n dá òrùlé lu kí wọ́n tó rí i sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ karùn-ún ní ìgbàgbọ́ *wọn* ni Jésù rí. Lọ́jọ́ tí ìgbàgbọ́ tìrẹ kò lè rìn, jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn gbé ọ. Sọ ọ́ gbangba fún ẹni náà: "Mi ò lè gbàdúrà nísinsìnyí, jọ̀wọ́ bá mi gbà á."

Máa kọ ọ́ sílẹ̀

Sámúẹ́lì gbé òkúta kan nà ró, ó pè é ní Ebenésérì, ó ní títí dé ìhín ni Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé a máa gbàgbé. Ìwé àjákọ kékeré ni òkúta tèmi. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ déètì, kọ ohun tó o bẹ̀bẹ̀ fún, kọ nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n fún ọ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó kéré tó. Fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà láti kọ ohun tó jẹ́ èsì rẹ̀, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí "mi ò tíì mọ̀". Bí oṣù bá parí, jókòó kà á.

Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kò ní ju ìlà méjì lọ, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì wọ́. Ìlà kìíní: "Bàbá." Ìlà kejì: "Mo sun oorun wákàtí márùn-ún."